Sudoku lórí kọ̀ǹpútà: bí ẹ ó ṣe parí rẹ̀ láì méfò

Sudoku, eré ìrònú tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà kún ojú tó ṣófo, máa ń ba àwọn tó sá fún ìṣirò nílé ìwé lẹ́rù. Wọ́n á rí nọ́ńbà tó kún ojú ìwé, wọ́n á ní, "Èyí kì í ṣe tèmi." Ẹ fara balẹ̀ wò ó ná. Kò sí àròpọ̀ níbẹ̀, kò sí àyọkúrò, kò sí ìsọdipúpọ̀. Bí ẹ bá kó 1 dé 9 kúrò, tí ẹ fi orúkọ àdúgbò mẹ́sàn-án ní Àkúrẹ́ rọ́pò wọn, Ọjà Ọba dípò 1, Alágbàká dípò 2, Òkè-Àró dípò 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, eré náà kò ní yí padà rárá. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ mọ ohun tí kò lè wà níbì kan, títí yóò fi ku ẹyọ kan tó lè wà níbẹ̀.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó máa ń rí Sudoku nínú ìwé ìròyìn, tí kọ̀ǹpútà sì wà nílé tàbí níbi iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì fi ṣe é. Mo tún ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: ẹni tó ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá a ṣe é. Irú wọn pọ̀ nílùú yìí. Wọ́n á tẹ 4, kọ̀ǹpútà á fi àwọ̀ pupa hàn, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tẹ 5, ó tún pupa, wọ́n á tẹ 6. Wọ́n á parí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ro ohunkóhun.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò nínú eré yìí o. Howard Garns, ayàwòrán-ilé kan láti Indiana ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbà pé ó gbé e kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dell, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, Number Place sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Nikoli gbé e dé Japan ní 1984, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Sudoku. Ẹni tó wá sọ ọ́ di ti gbogbo ayé ni Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong rí. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń pèsè Sudoku fúnra rẹ̀, ìwé ìròyìn The Times ti London sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní November 2004. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pèsè rẹ̀, kó máa di bébà àti pẹ́ńsù mú fún yín. Ìrònú ni kí ẹ má fún un ṣe.

Òfin rẹ̀

Ojú 81, ìyẹn àyè kéékèèké tí nọ́ńbà ń wọ̀, ló wà, mẹ́sàn-án níbùú, mẹ́sàn-án lóòró. Àwọn ìlà tó nípọn pín gbogbo rẹ̀ sí ilé mẹ́sàn-án, ojú mẹ́sàn-án sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 1 dé 9 gbọ́dọ̀ pé sí ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, sí ìlà òòró kọ̀ọ̀kan àti sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kankan má sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn nọ́ńbà kan ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè yí ìyẹn padà. Sudoku tó péye gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn ẹyọ kan ṣoṣo. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University College Dublin fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi hàn pé bí nọ́ńbà tí wọ́n fún èèyàn bá dín ní 17, ìdáhùn kò lè jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Tí ìdáhùn bá ti jẹ́ ẹyọ kan, a jẹ́ pé ẹ̀rí wà fún gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa kọ. Bí ẹ ò bá tíì rí ẹ̀rí náà, ẹ ò tíì wò ó tó ni.

Èwo ni kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà?

Lórí Windows, Microsoft Sudoku wà nínú Microsoft Store, ọ̀fẹ́ ni. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà inú rẹ̀ máa ń dí mi lọ́wọ́. Àwọn tó ń lo Linux lè gba GNOME Sudoku tàbí KSudoku. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín àwọn eré tó bá kọ̀ǹpútà yín wá, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀.

Èyí tí èmi ń lò, tí mo sì máa ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá béèrè, ni Simon Tatham's Portable Puzzle Collection. Àkójọ eré ìrònú ni, Sudoku inú rẹ̀ ń jẹ́ Solo. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó ọjà kankan, kò sì wúwo. Tí ẹ bá ti gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò tún nílò dátà mọ́. Ní ìlú tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkígbà, ẹ ò ní fẹ́ eré tó máa jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ráútà ti kú. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú laptop kù, ẹ pa Wi-Fi, bátìrì yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra tó ti Microsoft, ìyẹn dá mi lójú, àmọ́ kì í ṣe ẹwà la wá wò.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe

Nínú Solo, ẹ fi bọ́tìnì òsì máòsì tẹ ojú tó ṣófo, kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà lórí kíbọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, ẹ tẹ ojú náà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́tà u ń dá ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn padà.

Bọ́tìnì ọ̀tún ni iṣẹ́ gan-an wà. Tí ẹ bá fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ojú kan, tí ẹ wá tẹ nọ́ńbà, nọ́ńbà náà yóò wọlé ní kékeré. Kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ kàn ń rán ara yín létí pé "eléyìí ṣì lè wà níbí" ni. Ojú kan lè gba nọ́ńbà kékeré méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ẹ bá tún tẹ nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, yóò kúrò. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá kọ 7 gidi síbì kan, 7 kékeré tó wà ní àwọn ojú tó kù ní ìlà yẹn kò ní kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ yín yọ ọ́. Àwọn eré mìíràn máa ń bá èèyàn yọ ọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ó sàn kó máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí ìgbà tí ẹ bá ń yọ ọ́ gan-an lẹ máa rí ojú tó ti ku nọ́ńbà kan.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa wá kù. Oríṣi méjì ló wà. Oríṣi àkọ́kọ́ máa ń pupa nígbà tí nọ́ńbà kan náà bá wà lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà tàbí nínú ilé kan. Òfin ló kàn ń rán yín létí, kò burú, ti Solo nìyẹn. Oríṣi kejì máa ń pupa nítorí pé nọ́ńbà yín kò bá ìdáhùn tó fi pa mọ́ mu. Ìyẹn ti sọ ìdáhùn fún yín tán! Bí eré tí ẹ ń lò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wọ Settings, ẹ pa á. Ẹ pa aago tó ń ka ìṣẹ́jú náà tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ má sì sún mọ́ Hint tàbí Solve.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan

Ẹ ṣí Solo, ẹ lọ sí Game lókè, ẹ tẹ Specific, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí síbẹ̀ bó ṣe rí, láì fi àyè sílẹ̀ láàárín:

3x3:1_7_6e2d8a4_5b5e3_6a8a5d9a4a3d8_5a9_1d7_7_6_2_8i6_5a8b3a2_9d

Ohun tí yóò jáde nìyí. Àmì tó-tò-tó (.) dúró fún ojú tó ṣófo:

1 7 6 | . . . | . . 2
. . . | . 8 . | 4 5 .
. 5 . | . . . | . 3 6
------+-------+------
. 8 . | 5 . . | . . 9
. 4 . | 3 . . | . . 8
5 . 9 | 1 . . | . . 7
------+-------+------
7 6 2 | 8 . . | . . .
. . . | . 6 5 | . 8 .
. 3 . | 2 9 . | . . .

Bí ẹ ò bá ní Solo, ẹ dà á kọ sórí bébà. Láti òkè ni mo ti ń ka ìbú, láti apá òsì ni mo ti ń ka òòró.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè torí pé ibẹ̀ ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tó ti fẹ́ kún. Òòró 2 ní 7, 5, 8, 4, 6 àti 3. Ó ku 1, 2 àti 9, ojú mẹ́ta ló sì ṣófo: ìbú 2, ìbú 6 àti ìbú 8. Ẹ wo ìbú 6. 9 wà níbẹ̀, 1 náà wà níbẹ̀. Kí ló kù? 2. Ẹ kọ ọ́. Ẹ bọ́ sí ìbú 2: 1 tàbí 9 ló lè gbà, ṣùgbọ́n 1 ti wà nínú ilé yẹn ní igun òkè, nítorí náà 9 ni. Èyí tó kù, ìbú 8, di 1. Òòró kan ti kún, a ò sì tíì méfò.

Ilé òkè lápá òsì ló kàn. Ó ti ní 1, 7, 6, 9 àti 5. Ó ku 2, 3, 4 àti 8 fún ojú mẹ́rin: méjì ní ìbú 2, méjì ní ìbú 3. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé ó ti dí. Ẹ má wo ojú kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa béèrè pé kí ló lè wọ ibẹ̀. Ẹ yí ìbéèrè náà padà: 8, níbo ló lè lọ? Ìbú 2 ti ní 8, nítorí náà 8 ilé yìí gbọ́dọ̀ wà ní ìbú 3. 4 ń kọ́? Ìbú 2 ti ní 4 náà, òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ lọ sí ìbú 3. Ojú méjì, nọ́ńbà méjì. A ò tíì mọ èwo ni 4, èwo ni 8, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ti ní ẹni tó ni wọ́n, kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún kọ 4 àti 8 kékeré sí méjèèjì.

Torí náà, 2 àti 3 ló máa pín ojú méjì tó wà ní ìbú 2. Òòró 3 ti ní 2 nísàlẹ̀, nítorí náà ìbú 2, òòró 3 jẹ́ 3, òòró 1 sì jẹ́ 2.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ilé ìsàlẹ̀ lápá òsì kan náà, kí ẹ tún béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ku 4, 5, 8 àti 9. Ìbú 8 ti ní 5 àti 8, nítorí náà àwọn méjèèjì lọ sí ìbú 9. Òòró 1 ti ní 5, a jẹ́ pé 5 wà ní òòró 3, 8 sì wà ní òòró 1. Ẹ wá wo òkè: 8 ti dé òòró 1, nítorí náà nínú 4 àti 8 tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 4 ló máa wà ní òòró 1, 8 ló máa wà ní òòró 3. Ohun tí a ṣe nísàlẹ̀ ló tú ti òkè. 4 àti 9 ló ṣẹ́ kù ní ìbú 8. 4 ti wà ní òòró 1, nítorí náà 9 ló wà níbẹ̀, 4 sì lọ sí òòró 3.

Ilé àárín lápá òsì ló kù. Òòró 1 ku 3 àti 6. Ìbú 5 ti ní 3, nítorí náà 6 ni tirẹ̀, ìbú 4 gba 3. Òòró 3 ku 1 àti 7, ní ìbú 4 àti ìbú 5. Ẹ wo ìbú 4: kò sí 1, kò sí 7. Ẹ wo ìbú 5: kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ náà.

Ọ̀kan nínú ojú méjì yìí ni bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Àró, fẹ́ fi 1 sí nígbà tí ọmọkùnrin tó jókòó tì í ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má tíì fi í síbẹ̀."

"Bí kì í bá ṣe 1, ṣebí 7 ni, ọmọ mi? Ìdajì ti di tèmi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tó bá wá jẹ́ pé ìdajì kejì ni ńkọ́? Ẹ ó ti kún ogún ojú kí ẹ tó mọ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

Ọmọ náà gbọ́n. Ẹ kọ 1 àti 7 kékeré sí ojú méjèèjì, kí ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sí ìbú 2, tó ti ku 1, 6 àti 7 nìkan báyìí. Òòró 9 ti ní 6 àti 7, nítorí náà 1 ló wà ní ìparí ìlà náà. Ẹ lọ sí ìbú 8, tó ku 2, 3 àti 7. Òòró 9 ti ní 2 àti 7, nítorí náà 3 ló wà níbẹ̀. Òòró 4 ti ní 2 àti 3, nítorí náà 7 ló wà níbẹ̀. 2 gba òòró 7. 7 tó dé òòró 4 yẹn náà ló máa tú 6 àti 7 tó kù ní ìbú 2.

Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún yín. Kò le, ohun tí a ti ń ṣe bọ̀ náà ni, ilé dé ilé. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ wà lójú ọ̀nà: ẹ̀rí fún 1 àti 7 wa yẹn yóò wá láti apá ọ̀tún. Nígbà tí ìbú 4, òòró 7 bá di 1, ìbú 4, òòró 3 kò ní ibi tó máa sá sí mọ́, 7 ni.

Nígbà tí ó bá dí pátápátá

Yóò dí. Ẹ mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ káàkiri ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Èyí tó ti wà níbi méje tàbí mẹ́jọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí ibi tó kù fún un kò pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ojú méjì tó ní nọ́ńbà kékeré méjì kan náà ní ìlà kan tàbí nínú ilé kan, bí 4 àti 8 wa ní ìbú 3. Kò sí 4, kò sí 8 fún ojú mìíràn ní gbogbo ìbú 3. Ẹ yọ wọ́n kúrò níbikíbi tí ẹ bá ti kọ wọ́n ní kékeré. Ojú mẹ́ta tó ń pín nọ́ńbà mẹ́ta náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro díẹ̀ láti rí.

Bákan náà, bí gbogbo ibi tí 5 lè wà nínú ilé kan bá wà lórí ìlà ìbú kan ṣoṣo, 5 ìlà yẹn ti di ti ilé náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ilé méjì tó kù lórí ìlà náà. Ọgbọ́n mìíràn wà tó le ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò wọn títí tí ẹ ó fi máa ṣe èyí tó le díẹ̀.

Tí ẹ bá wá rí nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà kan, ẹ má kàn pa ọ̀kan rẹ́ kí ẹ máa bá a lọ. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé lè jìnnà sí ibi tó ti fara hàn. Ẹ máa tẹ u, kí ẹ máa bi ara yín pé kí ni ẹ̀rí tí ẹ fi kọ èyí tó ń kúrò yìí. Èyí tí ẹ ò bá rí ẹ̀rí sọ fún, òun náà nìyẹn.

Ìpele

Fún ọmọdé, ẹ lọ sí Type nínú Solo, ẹ yan 2x2 Trivial. Ojú 16 péré ni, 1 dé 4. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè jókòó tì í. Ẹni tó bá ní ọmọ púpọ̀ tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ẹyọ kan, GNOME Sudoku lè tẹ ọ̀pọ̀ jáde sórí bébà lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́ńsù àti ìrésà ti tó.

Fún àgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 3x3 Trivial, kí ẹ bọ́ sí Basic nígbà tí ọwọ́ yín bá ti yá. Ní Intermediate àti Advanced, nọ́ńbà kékeré di dandan. Ẹni tó ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí níbẹ̀ ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Extreme wà fún ẹni tó bá ráyè ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìpele kan tí wọ́n pè ní Unreasonable. Èyí lè di dandan fún èèyàn kó fi nọ́ńbà kan dán an wò, kó rìn ín dé ibi tó ti dí, kó sì padà wá mú òmíràn. Gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe nìyẹn, nítorí náà mi ò bá a dá nǹkan pọ̀.